Tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ ní Rẹ́mọ: ta ni yóò tọ́ wọn sọ́nà, ta ni yóò dúró tì wọ́n?

Ará Ìkẹ́nnẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan nínú ẹgbẹ́ wa ni mo gbé wá. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 44, ìyàwó 39, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń gbé Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n fẹ́ gba ọmọ, kó di ọmọ wọn lójú òfin, kó máa jẹ́ orúkọ wọn, kó sì lè jogún wọn. Kì í ṣe irú ọmọ ìbátan tí wọ́n kàn mú wá báni gbé, tí ìyá rẹ̀ lè wá mú lọ nígbàkígbà.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àkọ́kọ́, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ìwé wo ni wọn yóò sì kó dání? Ìkejì, ẹnì kan ti ń sọ sí wọn létí pé ilé ìgbẹ̀bí kan wà tó lè bá wọn wá ọmọ jòjòló láàárín oṣù mẹ́ta, pé kí ìyàwó ti máa di aṣọ mọ́ ikùn báyìí kí àwọn aládùúgbò lè rí i. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá. Ìkẹta ló jẹ mí lógún jù: bí ọmọ bá ti wọlé tán, ta ló ń ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ìyá ọkọ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Wẹ́fíà Àgbà dáhùn:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìkejì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ìyàwó má di nǹkan kan mọ́ ikùn o. Ọmọ tí wọ́n bá fi owó gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀, ọmọ rírà ni lójú òfin. Abala 30 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra ọmọ, tà á, tàbí fi í ṣòwò. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló wà fún un. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ láti 2006. Ẹ tún ro ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ìwé ìbí irọ́ ni wọn yóò gbà fún un. Ìyá tó bí i lè má mọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá tú, ọlọ́pàá ni yóò wá gba ọmọ lẹ́yìn ẹni tó ti pọ̀n ọ́n fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kò sì ní sí ìwé kankan tí yóò fi jà.

Wẹ́fíà ìjọba ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n lọ sí ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, àwọn yẹn ni yóò darí wọn sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbáyé-gbádùn ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta. Lẹ́tà ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ pé àwọn fẹ́ gba ọmọ. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní méjì: ọ̀kan fún ọ́fíìsì, ọ̀kan tí wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí, kọ déètì sí, kí wọ́n sì gbé e padà sílé. Ẹ má fojú kékeré wo òǹtẹ̀ yẹn. Òfin sọ pé ó kéré tán oṣù 12 gbọ́dọ̀ ti kọjá láti ìgbà tí wẹ́fíà ti gbọ́ kí kóòtù tó lè fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, tí fáìlì sì sọnù lọ́hùn-ún, yóò tún ìrìn náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé àwọn èèyàn á kọ́kọ́ lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, wọ́n á rí ọmọ kan, ọkàn wọn á fà sí i, wọ́n á máa ra mílíìkì àti aṣọ lọ fún un, wọn ò sì tíì kọ lẹ́tà kankan.

Ìwé tí òfin dárúkọ ò pọ̀: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, tàbí ìbúra kóòtù bí wọn ò bá ní in, ìwé ìbí àwọn méjèèjì tàbí ìbúra ọjọ́ orí, fọ́tò pélébé méjì-méjì, ìwé ẹ̀rí ìlera láti ilé ìwòsàn ìjọba, àti ohunkóhun tí kóòtù bá tún béèrè. Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n wí o. Ẹni tó bá lọ gba ti aládàáni torí pé èrò ò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n lè dá a padà fún un. Ohun kejì tó ń dá èèyàn dúró ni orúkọ tí kò bára mu: ti bàbá ìyàwó ló wà nínú ìwé ìbí, ti ọkọ ló wà ní báǹkì, lẹ́tà kan sì ti já bọ́ nínú ti ìgbéyàwó. Kí wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n wò ó ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lọ búra sí èyí tó bá yàtọ̀ kí ọ́fíìsì tó rí i.

Ní ti ọjọ́ orí, kò sí wàhálà fún wọn. Tọkọtaya tó jọ fẹ́ gba ọmọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti pé 25, kí wọ́n sì fi ọdún 21 ó kéré tán ju ọmọ lọ. Ẹni tó dá wà ní láti pé 35, ọkùnrin á gba ọkùnrin, obìnrin á gba obìnrin. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbé ìpínlẹ̀ yìí fún ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará wa ti ń kọsẹ̀. Èkó ni wọ́n ń gbé, ilé wọn wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n wá rò pé àwọn lè fi àdírẹ́sì ilé yẹn kọ̀wé sí Ògùn. Ìlú ẹni yàtọ̀ sí ibi tí èèyàn ń gbé. Èkó ni kí irú wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá wo ilé. Kí wọ́n má kun ilé tìtorí rẹ̀. Ohun tí a ń wò ni ibi tí ọmọ yóò sùn, bóyá kànga ní ìdérí, ibi tí wọ́n ń gbé kẹrosíìnì àti oògùn sí, àti àwọn tó ń gbé inú ilé náà. A máa ń bá ọkọ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ìyàwó lọ́tọ̀. Ìyàwó á ní àwọn ti gbà pé àwọn á sọ fún ọmọ, ọkọ á ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ láéláé. Irú èyí ń dá fáìlì dúró ju àìlówó lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí orí ọmọ ni ìjà yẹn yóò padà bọ́ sí.

Ẹni tó bá sọ pé ọmọbìnrin jòjòló tó pupa nìkan ni òun fẹ́, yóò jókòó pẹ́. Àwọn tó ń dúró níbẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́ta, márùn-ún, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí kò yẹ kí á yà nípa. Kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì. Kò sì sí owó ọmọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá san fún ìjọba, kí wọ́n gba rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó bá fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì ara rẹ̀, kí wọ́n má san án.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí àwọn èèyàn máa ń ṣì í mú: abúlé ọmọ SOS tó wà ní Òwu-Ìjẹ̀bú, títọ́ ni wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Kì í ṣe ibi tí tọkọtaya ń lọ láti lọ mú ọmọ.

Ará Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ ti ilé ìgbẹ̀bí yẹn fún wọn, ìyàwó ní ó ti tán. Ohun kan wà tí mi ò tètè sọ. Ọkọ ní ọmọbìnrin kan tó ti bí kó tó fẹ́ ìyàwó yìí. Ọmọ náà ti pé ọdún 16, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìṣarà ló ń gbé. Ṣé ó máa ṣèdíwọ́? Báwo sì ni ogún yóò ṣe rí?

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú-Òde dáhùn:

Kì í ṣèdíwọ́, àmọ́ kí wọ́n má fi í pamọ́ fún wẹ́fíà. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ níta, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Ọmọ tí kóòtù bá fi fún wọn ti di ọmọ wọn bíi pé inú ìgbéyàwó wọn ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀tọ́ àwọn tó bí i lórí rẹ̀ ti dópin. Bí ẹni tó gbà á bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ó ní ìpín bí ọmọ bíbí inú. Òfin tún sọ pé ẹni tó gbà á ò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ láéláé. Kí ẹ̀rù kóòtù má bà wọ́n: kóòtù ìdílé kì í gba èrò ìwòran, oníròyìn pàápàá ò lè wọlé. Kí kóòtù tó fọwọ́ sí i, ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn fún oṣù mẹ́ta léra wọn. Bí wọ́n bá gbé e lọ fún ìyá ìyàwó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín, wọ́n ti já okùn náà nìyẹn.

Òfin ti sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ìpàdé ẹbí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́ ìyá méjì bá kú láìkọ nǹkan sílẹ̀, ìdí-igi ni àṣà wa fi ń pín in: ẹ̀ka ìyá kọ̀ọ̀kan á mú ìpín kan. Bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, ẹnì kan lè dìde pé ẹ̀ka Ìṣarà nìkan ló ní ọmọ. Ọ̀rọ̀ kóòtù lè dá a lẹ́kun, àmọ́ ọdún mélòó ni wọn yóò fi ṣẹjọ́? Nítorí náà kí ọkọ kọ ìwé ìhágún, ìyẹn wíìlì, kí ìyàwó náà kọ tirẹ̀. Kí wọ́n má kọ "àwọn ọmọ mi" lásán. Kí wọ́n dárúkọ ọmọ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé kóòtù, kí wọ́n dárúkọ ọmọ Ìṣarà náà, kí wọ́n sì sọ ohun tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n há nǹkan fún nínú ìwé náà ò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ọkọ tàbí aya rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tí wọ́n há fún un yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Orúkọ tí èèyàn kọ sí fọ́ọ̀mù báǹkì pé òun ni ìbátan tó sún mọ́ni jù, ìyẹn kì í ṣe ogún.

Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n lọ wò lọ́sẹ̀ yìí ni ilẹ̀ tí ilé wọn wà lórí rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, èèyàn lè ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ẹbí láti ìhà bàbá àti láti ìhà ìyá, ìdí nìyẹn tí ìpàdé ẹbí fi máa ń kún bámúbámú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè kọ ilẹ̀ ẹbí sínú wíìlì, torí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bó bá kọ́lé sórí rẹ̀, ẹbí lè sọ pé àwọn ló ni ilé náà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ rírà ni, kí wọ́n gbé ìwé ìrajà jáde, kí wọ́n rí i pé orúkọ wọn ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹbí, kí wọ́n tètè wá ilẹ̀ kékeré kan tó jẹ́ tiwọn nìkan fún ọmọ náà.

Nígbà tí kóòtù bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n gba ẹ̀dà mẹ́ta tí kóòtù jẹ́rìí sí. Ilé ìwé yóò béèrè, ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù yóò béèrè, ìkẹta kó wà nínú àpótí.

Fún àwọn ará wa tó wà ní London tí wọ́n ń ka èyí: orúkọ Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba ibẹ̀ dí ọ̀nà gbígba ọmọ wálé láti ọ̀dọ̀ wọn láti oṣù kẹta 2021. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín kó tó di pé ẹ bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọmọwẹ́wẹ́, Ṣàgámù dáhùn:

Mo kí gbogbo yín. Ti ìlera ni tèmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó béèrè aṣọ. Ti ọjọ́ ìbí ni BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ tó ń wọ ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ 6, 10, 14, oṣù 9 ti èéyi àti ibà pọ́njú, àti oṣù 15. Bí káàdì ò bá sí, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọn yóò ka ohun tó ṣẹ́ kù, wọn ò ní bá wọn jà.

Ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò ni àwọn èèyàn máa ń ṣì túmọ̀ jù. Bí ìyá tó bí ọmọ bá ní kòkòrò HIV, àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún àgbà yóò fi hàn lára ọmọ bíi pé ó ní in, bẹ́ẹ̀ ọmọ lè má ní in rárá. Nǹkan tí ara ìyá fi ń bá àrùn jà ló ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di oṣù 18. Àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ni kí wọ́n béèrè, ó ṣeé ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí wọ́n dá padà nítorí bébà kan tí kò yẹ kí wọ́n kà bẹ́ẹ̀! Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹ́nótáìpù: ẹ̀jẹ̀ inú oyún ló pọ̀ jù lára ọmọ tuntun, àyẹ̀wò lásán lè ṣini lọ́nà, nítorí náà kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára, kí ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Oúnjẹ ọmọ jòjòló: omi híhó ni kí wọ́n lò, kó má sì tíì tutù pátápátá nígbà tí wọ́n bá ń da mílíìkì sí i, torí ìyẹ̀fun mílíìkì fúnra rẹ̀ lè ní kòkòrò, ooru omi ló ń pa á. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ inú ife, ìyẹ̀fun lẹ́yìn. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, ṣíbí inú agolo kan tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ fún 30 ml omi. Kí wọ́n ṣáà ka ara agolo. Ọmọ tó wọn kílò mẹ́ta, tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ń fẹ́ bíi 450 ml lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi 60 ml ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ṣíbí méjì nìyẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mílíìkì bá wọ́n, àwọn kan á fi ṣíbí kan po 60 ml, tàbí kí wọ́n fi omi ògì lé e. Ọmọ á yó, ikùn á le, kò sì ní sanra. Wíwọ̀n ọmọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ló ń tètè tú èyí fó. Mílíìkì tí wọ́n ti pò tó ti lé ní wákàtí méjì, dídànù ni. Ife kékeré sì rọrùn láti fọ̀ ju fídà lọ, kò sí kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí lè sá sí.

Ṣé ìyàwó lè fọ́mọ lọ́mú? Ó ṣeé ṣe. Bí ọmọ bá ń fa ọmú ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé mílíìkì láti inú ife wá sẹ́bàá orí ọmú, omi ọmú àwọn obìnrin kan máa ń wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í sábà tó o, kí wọ́n má dá mílíìkì dúró. Kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í hàn wọ́n. Bí kò bá sì wá, kí wọ́n gbé ọmọ sí àyà láìwọ̀ ọ́ láṣọ, kí ara kan ara. Ọkọ náà lè ṣe é.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì tó kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná dé 37.5, tó ń mí tó ọgọ́ta ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n bí òróró, kí wọ́n má dúró di àárọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá Babcock ní Ìlíṣàn, bẹ́ẹ̀ ni ti OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, wà ní Ṣàgámù níbí.

Àlùfáà Ìjẹ̀bú-Igbó dáhùn:

Bísímílà. Mi ò mọ ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí pọ̀ tó ń ka èyí. Títọ́ ọmọ aláìlóbìí, iṣẹ́ olóore ńlá ni. Ohun tí Súrà Al-Ahzab, āyà 5 kọ̀ ni pé kí á pa ìran tó bí i rẹ́. Ẹ fi orúkọ bàbá wọn pè wọ́n, bí ẹ ò bá sì mọ bàbá wọn, arákùnrin yín ni wọ́n nínú ẹ̀sìn. Nítorí náà Mùsùlùmí ò ní sọ fún ọmọ pé òun ló bí i. Ohun méjì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ bí wọn ò bá tètè tò ó. Ogún: kò sí ìpín fún un nínú ìpín tí Ṣàríà là kalẹ̀, àmọ́ ẹ lè kọ wasiyyah, ìyẹn ìwé ìhágún, fún un, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ó sì lè gba ẹ̀bùn nígbà tí ẹ wà láàyè, kó di tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìkejì ni ìbòrí nígbà tó bá dàgbà. Bí ìyàwó bá fún un lọ́mú kó tó pé ọdún méjì, ó ti di ọmọ ọmú, ó sì bọ́ sínú àwọn tí kò lè fẹ́ ara wọn. Nínú ìlànà Màlíkì tí à ń tẹ̀lé, bó pọ̀ bó kéré, ó kà. Àwọn Ṣáfíì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Nítorí náà ohun tí nọ́ọ̀sì wa sọ lókè yẹn ṣe pàtàkì fún wa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ọmọ bá jẹ́ ọkùnrin, ìyàwó tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin ni kó fún un; bó bá jẹ́ obìnrin, ẹ jẹ́ kí ọmú náà wá láti ìhà ọkọ, bí àbúrò ọkọ obìnrin.

Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, gbogbo yín. Mo fẹ́ dáhùn ìkẹta, torí òun ni ẹ ní ó jẹ yín lógún jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ. Ọkọ fúnra rẹ̀ ni kó lọ sọ fún un, kì í ṣe ìyàwó, kì í sì í ṣe pásítọ̀. Kó lọ kí ọmọ tó dé, kó lọ ní ọjọ́ tí ilé ò ní àlejò, kó sì sọ ọ́ bí ohun tí wọ́n ti pinnu: "Ìyá, èmi àti ìyàwó mi ti kọ̀wé, a fẹ́ gba ọmọ. A fẹ́ kí ẹ bá wa tọ́ ọ." Bó bá wí i bí ẹni tó ń tọrọ àyè, wọ́n á ní kó dúró kí àwọn tún lọ sí ibì kan sí i. Bí ìyá bá bínú, kó jẹ́ kí ó bínú. Oṣù 12 yẹn gùn tó fún ìbínú láti rọ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fún un níṣẹ́. Òun ni kó wẹ ọmọ, òun ni kó fún un ní oríkì. Ìyá àgbà tó ti pe ọmọ ní Àṣàkẹ́ tàbí Àkànní láàárọ̀ àti lálẹ́ fún oṣù kan, ó ṣòro kó tún pè é ní ọmọ àjèjì níwájú ẹbí.

Orúkọ wá ńkọ́? Kí wọ́n má fi orúkọ rù ú lẹ́rù. Orúkọ tó ń sọ pé òun ló nu omijé wọn nù, ọmọ náà yóò dàgbà, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n gbà á fún. Bó bá sì ti ní orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, tó sì ń dáhùn sí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀ láàárín tuntun.

Sísọ fún un: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́ èdè. Kí wọ́n máa sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi òróró pa á lára, kí ẹnu àwọn fúnra wọn lè mọ́ ọ́n lára. Ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kékeré ti tó: "Obìnrin kan ló lóyún rẹ, ó bí ọ, kò lè tọ́ ọ. A wá ọ, a rí ọ, a mú ọ wálé. Ibí ni ilé rẹ." Ní ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje yóò béèrè ìdí tí ìyá yẹn kò fi lè tọ́ òun. Bí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Kí wọ́n má pa ìyá yẹn kú lẹ́nu, torí ọmọ yóò béèrè sàréè rẹ̀. Kí wọ́n má bú u pẹ̀lú, torí ọmọ mọ̀ pé inú rẹ̀ ni òun ti jáde. Èyí tó ń ba ilé jẹ́ ni ti ẹ̀gbọ́n bàbá kan tó máa mutí yó níbi ìsìnkú, tó máa sọ ọ́ sí ọmọ ọdún 13 lójú. Ọmọ tó ti mọ̀ láti kékeré yóò kàn wò ó ni.

Bí ọmọ bá ti ju ọdún méjì lọ, kí wọ́n béèrè ohun kéékèèké lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́ ọ: ìgbà wo ló ń sùn, ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń sùn, orin wo ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́, oúnjẹ wo ni kì í jẹ, ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó dé láti ilé tí ọmọ ogún wà lè má lè sùn nínú yàrá tó dákẹ́. Kí ibùsùn rẹ̀ wà nínú yàrá wọn, kí iná díẹ̀ sì wà. Ó lè kó ẹran àti búrẹ́dì sábẹ́ ìrọ̀rí. Olè kọ́ nìyẹn, ẹ̀rù ebi ló ń bà á. Kí wọ́n fún un ní àwo tó ní ìdérí tó jẹ́ tirẹ̀, kí nǹkan má tán nínú rẹ̀, yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tó bá gbà gbọ́. Títọ̀ sílé máa ń wà fún oṣù mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè dùn bí oyin, kó máa pe gbogbo obìnrin ní mọ́mì. Kí inú wọn má dùn jù, torí kò tíì mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù kejì tàbí ìkẹta ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe, tí yóò ju nǹkan. Ó ń wò ó bóyá wọ́n á dá òun padà. Ẹgba lílù lákòókò yẹn yóò jẹ́rìí sí ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Fún oṣù àkọ́kọ́, kí ọwọ́ àwọn méjèèjì nìkan máa fún un lóúnjẹ, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, ìyá àgbà sì ni ẹnì kẹta. Kí àlejò wá, kí wọ́n kí, kí wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́, àmọ́ kí wọ́n má máa gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí Iléyá bá bọ́ sí àárín oṣù yẹn, kí wọ́n má ṣe dá aṣọ ẹgbẹ́ fún un kí wọ́n sì gbé e lọ sí Ojúde Ọba nínú ariwo ẹṣin àti ìbọn. Ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà.

Ní ilé ìwé, kí wọ́n sọ fún ọ̀gá àti olùkọ́ kíláàsì nìkan, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n tún sọ. Olùkọ́ lè ní kí àwọn ọmọ mú fọ́tò ìgbà tí wọ́n wà ní jòjòló wá. Ó yẹ kó ti mọ̀ kó tó sọ ọ́.

Ní ti ẹni tí yóò dúró tì wọ́n, kí wọ́n bẹ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kó bá wọn jíṣẹ́ fún ìdílé mìíràn tó ti gba ọmọ ní agbègbè náà. Kò ní fún wọn lórúkọ, ṣùgbọ́n ó lè fi nọ́ńbà tiwọn ránṣẹ́ kí àwọn yẹn pè wọ́n. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ọmọ wọn ń bá ara wọn ṣeré, ó tó. Àǹfààní ńlá ni fún àwọn ọmọ náà pé wọ́n mọ ọmọ mìíràn tó wọlé bíi tiwọn. Kí ìyàwó tún ní obìnrin kan tó lè pè lóru nígbà tí ọmọ bá ń ké, tí kò ní sọ pé "ṣebí ìwọ lo lọ mú un."

Ará Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ ò lè mọ bí ẹ ṣe ràn wá lọ́wọ́ tó. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, ọ̀la ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìyá, ìbéèrè kékeré kan tó kù: aṣọ àti nǹkan tí ọmọ bá gbé wá láti ilé àwọn ọmọ, ṣé kí wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nù?

Ìyá Jẹ́lé-ó-sinmi:

Kí wọ́n má sọ ọ́ nù, kí wọ́n má sì tíì fọ gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n fi aṣọ kan tí wọn ò fọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, òórùn tó mọ̀ ló wà lára rẹ̀. Yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fi èkejì sínú ọ̀rá, kí wọ́n dì í pa, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó wọlé sára rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé kóòtù kẹta tí agbẹjọ́rò sọ. Bí wọ́n bá lè gba fọ́tò ẹni tó tọ́ ọ níbẹ̀ àti ti ẹnu ọ̀nà ilé náà, kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí àpótí yẹn wà níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó.